Gíláàsì Tó Ń Làágùn

Abọ́ náà wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, atẹ́gùn kankan kò fẹ́, ó sì fọ́ yángá fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn wọlé dúró gbagidi, ó fi báàgì rẹ̀ bo àyà. Ní òdì kejì tábìlì, ọkùnrin gíga kan dúró pẹ̀lú ọ̀pá irin oníhò lẹ́nu. Gíláàsì pupa bí ẹyin iná ń rọ̀ lórí ọ̀pá náà bí oyin tó fẹ́ kán. Ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́wọ́ ni abọ́ fi fọ́, ìjayà kò sì jẹ́ kó rántí tú atẹ́gùn tó kù lẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe ń wo ara wọn. Ojú ọ̀kan là rekete, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìkejì wú bọ̀ǹbọ̀.

Ọmọbìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín níbi iṣẹ́ tuntun. Ẹ̀rín já mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú. A kì í sábà yìnbọn kí àlejò níbí."

"Ta ló fọwọ́ kàn án?"

"Kò sẹ́ni. Ẹ̀kẹta nìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n á ti tutù, wọ́n á ti dúró bí ọjọ́ méjì, wọ́n á kàn wá pinnu pé ayé sú àwọn."

Ọmọbìnrin náà ni aláyẹ̀wò tuntun tí ilé iṣẹ́ gíláàsì náà gbà, ẹni tí yóò máa yẹ yanrìn wò kí wọ́n tó dà á sínú ìléru. Kò bèèrè ibi tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ó gbé báàgì kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa àfọ́kù kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ní ẹ̀kọkànlá, ó rí ohun tó ń wá. Hóró dúdú kan wà nínú gíláàsì náà, kò tó orí abẹ́rẹ́.

"Èyí ló pa á," ó wí. "Hóró òkúta tí iná yín kò lè yọ́. Bí gíláàsì ṣe ń tutù ló ń sún kì. Òkúta yìí kì í sún kì bíi tirẹ̀. Wọ́n á máa fa ara wọn lábẹ́lẹ̀, títí ọ̀kan á fi já. Ẹ ti yí ibi tí ẹ ti ń ra yanrìn padà, àbí?"

Ẹnu ya ọkùnrin náà. Lóòótọ́ ni, oṣù tó kọjá ni ọ̀gá àgbà yí i padà. "Ó sì tó ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n ti ń sọ pé èémí mi ni kò dáa," ó wí.

"Èémí yín kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni mi ò tíì mọ nǹkan tí mo lè sọ sí i."

Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, nítorí Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an ni wọ́n ń pe ọkùnrin afẹ́gíláàsì yìí látọjọ́ tó ti dé ibẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn náà ti sọ ọmọbìnrin yìí ní Dókítà Yanrìn.

Yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju ibi ìkẹ́rùsí lọ. Ó ní ẹ̀rọ ìgbóná kékeré, asẹ́ oríṣi mẹ́rin, òṣùwọ̀n tó wà nínú àpótí gíláàsì kí èémí ènìyàn má baà ṣì í lọ́nà, àti òòfà ńlá tó fi ń fa èérún irin kúrò nínú yanrìn. Irin díẹ̀ ti tó láti sọ gíláàsì di àwọ̀ ewé. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ lọ́sàn-án nígbà ìsinmi. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun wá wo hóró dúdú. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò wí àwáwí mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún mi," ó wí lọ́jọ́ kan. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń fẹ́ nǹkan yìí, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ìdí tí wọ́n fi ń da nǹkan mẹ́ta pọ̀."

Ọmọbìnrin náà bu yanrìn sí àtẹ́lẹwọ́ ọkùnrin náà. "Yanrìn nìyí. Olórí kunkun ni. Tó bá dá wà, iná wa kò lè yọ́ ọ. Sódà nìyí. Òun ló ń bẹ̀ ẹ́ tó fi ń gbọ́, tí iná tí kò pọ̀ jù fi ń yọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ yanrìn àti sódà nìkan ni, omi á jẹ gíláàsì yẹn bó ṣe ń jẹ iyọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi òkúta ẹfun sí i, kó dì í mú."

Ọkùnrin náà ronú sí i. "Sódà ni ẹlẹ́nu dídùn. Òkúta ẹfun ni àgbàlagbà tó ń ní kí gbogbo wọn jókòó jẹ́ẹ́. Èwo ni ẹ̀yin nínú wọn?"

"Èmi ni mò ń wọ̀n wọ́n," ó dáhùn. "Ẹ gbọn ọwọ́ yín nù, kí ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà kọ́ ọ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fi bó ṣe ń bu gíláàsì yíyọ́ láti inú ìkòkò hàn án, bí ọ̀pá náà kò ṣe gbọdọ̀ dúró láìyí, àti bó ṣe jẹ́ pé èémí kékeré ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ fẹ́ ẹ, ohun tó jáde dà bí ọ̀dùnkún tó ń ṣàìsàn. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbé e sínú ààrò ìtutù pẹ̀lú ọ̀wọ̀ bí ẹni pé ó wúlò. Bó ṣe ń yí padà, ọ̀pá gbígbóná fẹ́ kan apá rẹ̀.

"Gbé e sókè, wàá jó," ọmọbìnrin náà wí kíákíá.

Ọkùnrin náà gbé e sókè. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ gbọ́, ṣé 'wàá' ni ẹ pè mí? 'Ẹ̀yin' ni mo jẹ́ láàárọ̀."

"Ìjayà ni."

"Kí ìjayà yẹn má lọ mọ́ o. Èmi náà á máa pè ọ́ ní ìwọ."

Kò sí 'ẹ' láàárín wọn mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, kò tún sí ọjọ́ tí wọn kì í jọ rìn dé ibùdókọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì sọ fún un níbẹ̀, láàárín èrò, pé òun fẹ́ kó wá kí àwọn òbí òun.

Yàrá méjì ni ilé àwọn òbí Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mọ́ tónítóní. Ìyá rẹ̀ ń fọ aṣọ fún ilé ìwòsàn kan, òórùn ọṣẹ sì wà lára gbogbo nǹkan níbẹ̀. Bàbá rẹ̀ jókòó sórí àga onítáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Orúnkún ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ parí sí. Ẹsẹ̀ ọ̀tún wà, ṣùgbọ́n kò lè gbé e.

"Ọ̀gá Iná ni wọ́n ń pè mí tẹ́lẹ̀," bàbá náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni mò ń ṣọ́ ìléru ní ilé iṣẹ́ kan tó tóbi ju tiyín lọ. Ọjọ́ kan ni ìkòkò là lójijì, gbogbo gíláàsì yíyọ́ tú jáde. Iná ni mo jẹ́ kó pọ̀ jù. Ẹ̀bi mi ni."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀. Ìyá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀. Ohun tí ilé iṣẹ́ náà wí nìyẹn pẹ̀lú, wọn kò sì fún un ní nǹkan kan, torí wọ́n ní ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é. Láti ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìyá náà ti ń fọ aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ kí ọmọ òun lè jẹun, tó sì ń kọjá láàárín àwọn tí ọkọ wọn jọ bá ọkọ rẹ̀ ṣiṣẹ́, láìgbé ojú sókè.

 Àlejò náà gbé ojú kúrò, ó sì rí nǹkan kan lórí pẹpẹ kékeré. Ìṣù gíláàsì kan ni, ó tó ẹ̀kúnwọ́, ó wà nínú àwo pẹlẹbẹ. Ojú rẹ̀ ti funfun ràkọ̀ràkọ̀. Ó sì tutù. Omi wà lára rẹ̀, ó ti sun díẹ̀ sínú àwo.

"Ó ń sunkún," ìyá náà wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Mo máa ń nù ún láràárọ̀. Inú bàtà ọkọ mi ni dókítà ti yọ ọ́. Kò tíì dákẹ́ ẹkún láti ọjọ́ náà."

Ọmọbìnrin náà na ìka kàn án. Ó yọ̀ bọ̀rọ́ bí ọṣẹ. 

Gíláàsì kì í sunkún. Ṣùgbọ́n ó lè làágùn. Ọmọbìnrin náà mọ ohun kan ṣoṣo tó lè mú gíláàsì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, kó máa yọ̀ bí ọṣẹ, kí ojú rẹ̀ sì máa sán. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ fún mi ní èérún kan lára rẹ̀."

Ìyá náà di ìṣù náà mọ́ra. Ọ̀gá Iná ló sọ pé, "Fún un. Dókítà ni."

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe àyẹ̀wò náà. Ó lọ èérún náà kúnná, ó yọ́ ọ nínú ásíìdì tó ń jẹ gíláàsì, ó wọn ohun tó wà níbẹ̀, ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì torí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Sódà tó wà nínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì èyí tó yẹ. Sódà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í yọ́ yanrìn nìkan, ó ń jẹ ìkòkò amọ̀ fúnra rẹ̀ láti inú, títí ara ìkòkò á fi fẹ́lẹ́ bí bébà. Ìkòkò náà ì bá là bí iná rẹ̀ tilẹ̀ mọ níwọ̀n.

Nígbà tó sọ fún Ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọkùnrin náà jókòó lé orí àpò yanrìn. 

"Kì í ṣe bàbá mi," ó wí.

"Kì í ṣe wọn. Ẹni tó wọn èròjà lọ́jọ́ náà ni."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ojú pamọ́ sí èjìká ọmọbìnrin náà, ó sunkún bí ọmọdé. Wọ́n fẹnu kò pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n á lọ sọ ọ́ nílé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti dá ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ láti lọ kí bàbá ọmọbìnrin náà.

Aránṣọ ni bàbá ọmọbìnrin náà. Òun nìkan ló tọ́ ọ láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Nígbà tó sọ fún un pé òun ti rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ gíláàsì, bàbá náà gbé sísọ́ọ̀sì kalẹ̀, ó bèèrè pé, "Ṣé o máa ń súnmọ́ iná?" Ọmọ rẹ̀ ní òun kì í súnmọ́ ọn. Bàbá náà kò tún bèèrè nǹkan kan nípa iṣẹ́ náà mọ́ láéláé.

Nígbà tí wọ́n dé lọ́jọ́ Sátidé náà, ó fẹ́ràn Ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó fún un lómi, ó fún un ní àga tó dára jù, ó ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yìí, ṣé oúnjẹ lo fi pamọ́ síbẹ̀ ni?" Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ó wá bi í léèrè iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe.

"Ìléru gíláàsì ni wọ́n ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀, sà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdánù ẹsẹ̀ wọn." Ó dárúkọ ilé iṣẹ́ náà.

Téèpù tí aránṣọ fi ń wọn aṣọ bọ́ lọ́rùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kò kíyè sí i, nítorí inú rẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ sì ń sáré lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí fún yín. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni wọ́n ti ní bàbá rẹ̀ ló jẹ́ kí iná pọ̀ jù. Irọ́ ni. Mo ti yẹ gíláàsì ọjọ́ náà wò. Ẹni tó wọn èròjà ló da sódà sí i lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dákẹ́. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi wo ọkùnrin yẹn lórí àga. Irú ènìyàn wo nìyẹn?"

"Irú mi ni," bàbá rẹ̀ wí.

Wọ́n rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tilẹ̀ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú rẹ̀.

"Èmi ni mo wọ̀n ọ́n," bàbá náà wí. "Ọ̀gá Ìwọ̀n ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀."

 Rédíò kékeré orí tábìlì ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí lọ́la, ó ń bá a lọ, kò sẹ́ni tó lè na ọwọ́ pa á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ dìde. Kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan. Ó gbé àga padà sí àyè rẹ̀, ó gbé ife omi tí kò tíì mu tán sórí tábìlì, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó lọ. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, ó sì yíjú padà.

"Ẹ sọ fún mi pé irọ́ ni," ó wí fún bàbá rẹ̀.

"Ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́," bàbá náà wí. "Giri mú ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìyá rẹ rán aládùúgbò wá pè mí, mo sì ti wọn sódà tán nígbà náà. Mo sáré lọ sílé. Nígbà tí mo padà dé, ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n, mi ò rántí bóyá mo ti dà á sí i. Mo tún òmíràn wọ̀n, mo dà á sí i. Nígbà tí wọ́n ní iná ló pọ̀ jù, mo ní máa sọ̀rọ̀ lọ́la. Mo ń sọ lọ́la, lọ́la, títí a fi kó kúrò nílùú yẹn."

Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àkísà aṣọ. Ó wo ọwọ́ tó bọ́ ọ, tó dì í nírun, tó rán aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Kò mọ bó ṣe lè kórìíra ọwọ́ náà. Kò sì mọ bó ṣe lè fọwọ́ kàn án.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò fi wá sí yàrá àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ keje, ó dé, ojú rẹ̀ ti wọnú.

"Mi ò tíì sọ fún àwọn òbí mi," ó wí. "Mi ò sì ní sọ. Gbọ́ mi, ìfẹ́ mi. Tí ìyá mi bá mọ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn ti gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ra. Jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, ká fẹ́ ara wa."

Ó wù ú. Kò sí ohun tó wù ú tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó di etí tábìlì mú. "Bàbá rẹ gbà pé ọwọ́ ara àwọn làwọn fi gé ẹsẹ̀ àwọn. Ṣé mo wá lè máa gbé oúnjẹ síwájú wọn, kí n mọ̀ pé irọ́ ni, kí n máa wò wọ́n níṣojú?"

"Bàbá rẹ ṣe é fún ọdún mẹ́rìnlélógún."

Ó dùn ún dé egungun. Ojú ti ọkùnrin náà bó ṣe sọ ọ́ tán.

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní í ṣe é," ó dáhùn. "Mo fẹ́ràn rẹ. Máa lọ, kí n má baà yí ọkàn padà."

Wọn kò mọ̀ pé aránṣọ náà kò ní dúró dè wọ́n. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti ilé ìránṣọ rẹ̀ pa, ó bèèrè ọ̀nà, ó sì kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Iná. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń bọ bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tó rí i lẹ́nu ọ̀nà. 

Ọ̀gá Iná mọ̀ ọ́n kó tó sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá Ìwọ̀n," ó wí, "o ti hewú."

Aránṣọ náà kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀. Kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀.

 Ìbéèrè tí Ọ̀gá Iná wá bi í ya gbogbo wọn lẹ́nu. "Kílò mélòó?"

"Ìlọ́po méjì."

"Abájọ tó fi yára yọ́. Mo sọ fún wọn pé ó ń yára jù láàárọ̀ yẹn, wọ́n ní àwáwí ni mò ń wá." Ó ṣí àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó ń wò ó bí ohun tó jẹ́ ti ẹlòmíràn. "Ojoojúmọ́ ni mò ń yí irin iná yẹn nínú orí mi. Mo máa ń ní, bóyá ibí ni mo yí i dé, bóyá ọ̀hún ni. Kì í wá ṣe ọwọ́ mi." Omijé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Ìyá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ látìgbà tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ojú ọmọ tirẹ̀, ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé Dókítà Yanrìn ni ọmọ ọkùnrin yìí. Ó gbé ìṣù gíláàsì náà, ó fi lé aránṣọ lọ́wọ́ méjèèjì.

"Dì í mú," ó wí. "Ìwọ ni kó o máa nù ún láràárọ̀ báyìí. Máa lọ. Kí ọmọ rẹ má tún fẹsẹ̀ kan ilé mi."

Aránṣọ náà gbé e lọ láàárín ìgboro, omi gíláàsì náà ń yọ̀ ní ìka rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Nílé iṣẹ́, àwọn méjèèjì ń kí ara wọn bí òṣìṣẹ́ ṣe ń kí òṣìṣẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ Tọ́sìdè kan, ilẹ̀kùn yàrá àyẹ̀wò ṣí, Dókítà Yanrìn sì gbójú sókè. Asẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ìyá Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló wọlé, ó wọ aṣọ tó fi ń jáde.

"Mi ò wá tàkúrọ̀sọ," ó wí. "Kọ ohun tí o rí nínú gíláàsì yẹn sórí ìwé fún mi. Àwọn tó bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ ṣì wà láyé. Mo fẹ́ kà á sí wọn létí."

"Mo ti kọ ọ́, mà." Ó ṣí àpótí tábìlì, ó mú un jáde. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ìyá náà fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi tí a kọ orúkọ ẹni tó wọn èròjà sí, ìka rẹ̀ dúró. Orúkọ náà wà níbẹ̀ gbangba, òun náà ni orúkọ tí ọmọbìnrin náà ń jẹ́ mọ́ tirẹ̀ nísàlẹ̀ ìwé.

"Ṣé o mọ ohun tí o fi ọwọ́ ara rẹ kọ yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Orúkọ bàbá rẹ á bàjẹ́ lójú gbogbo wọn."

"Bàbá mi náà ti fọwọ́ sí i, mà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ tèmi."

Ó wò ó. Ó wá jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fún un níjòókòó. Bí ó ti ń bọ̀ lọ́nà, ó ti to ọ̀rọ̀ líle jọ sẹ́nu. Gbogbo rẹ̀ dàwátì.

"Giri yẹn," ó wí níkẹyìn. "Ṣé ó le?"

"Wọ́n ní mo ti dákẹ́, wọ́n ti fẹ́ fi aṣọ bò mí, ni mo tún mí."

Ìyá náà wo ojú fèrèsé. "Èmi náà ì bá sáré kúrò nídìí òṣùwọ̀n," ó wí. "Ṣùgbọ́n ǹ bá sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó yẹ kí wọ́n sọ̀rọ̀."

Ó ká ìwé náà, ó fi í sínú báàgì. Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó yíjú padà. "Ọmọ mi kò jẹun dáadáa mọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń jìn wọlé. Wá sílé lọ́jọ́ Àìkú, kó o wá wo nǹkan tí o lè ṣe sí i."

Ó ka ìwé náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ ọkọ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ àtijọ́ náà ti kógbá sílé tipẹ́, kò sí ọ́fíìsì tí wọ́n lè lọ bá. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ọkùnrin ń wá sí ilé oníyàrá méjì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bọ Ọ̀gá Iná lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé, "A gbọ́. Ẹ má bínú sí wa." Ìyàwó rẹ̀ sì ń gbé omi jáde fún wọn, ojú rẹ̀ ń wo iwájú.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò dúró di ọjọ́ Àìkú. Ní Furaidé, ó bá Dókítà Yanrìn níbi tó ti ń fọ yanrìn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú omi dé ìgúnpá.

"Mo ní kí a fi irọ́ bẹ̀rẹ̀ ilé wa," ó wí. "O kọ̀ fún mi. Mo wá dúpẹ́. Mo tún wá tọrọ ohun kan."

"Ọwọ́ mi dọ̀tí."

"Ọwọ́ yẹn gan-an ni mò ń tọrọ."

Ó yọ ọ́ jáde, yanrìn ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀, ó sì fi sínú tirẹ̀. "Ó dáa," ó wí. "Ó dáa, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ lọ jẹun."

Iná ìléru kì í kú, àfi nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un mọ. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí títún tiwọn mọ ni wọ́n fi ìgbéyàwó sí. Wọ́n fọwọ́ síwèé nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń di igo sínú páálí, níṣojú akọ̀wé ìgbéyàwó, àwọn òṣìṣẹ́, àti àwọn òbí. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀gá àgbà bẹ Ọ̀gá Iná pé kó bá wọn tan iná àkọ́kọ́ sínú ìléru tuntun.

"Màá tàn án," ó wí. "Ṣùgbọ́n kí èròjà ti wà ní sẹpẹ́ kí n tó dáná. Ọ̀gá Ìwọ̀n dà?"

 Aránṣọ náà wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nínú kóòtù tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán. 

"Mi ò fọwọ́ kan òṣùwọ̀n láti ọjọ́ yẹn," ó wí.

"Èmi náà ò rìn láti ọjọ́ yẹn," Ọ̀gá Iná dáhùn. "Máa bọ̀, wá tì mí débẹ̀."

Ó wá. Ó di ẹ̀yìn àga onítáyà mú, ó tì í kọjá láàárín èrò. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń bu yanrìn, lẹ́yìn náà òkúta ẹfun. Nígbà tó kan sódà, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìyàwó tuntun dìde láti lọ bá a ka nọ́ńbà, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ọkọ rẹ̀ kò dá a dúró. Òun fúnra rẹ̀ ló tún jókòó, ó sì gbé orí lé èjìká ọkọ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ka iye tó rí sókè ketekete, kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ọ̀gá Iná wo òṣùwọ̀n náà, ó wo ọkùnrin náà.

"Ó pé," ó wí. "Dà á sí i."